Aṣọ Ọ̀gbọ̀ Láti Etí Òkun

Nígbà tí ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣì ń rákòrò, tí gbogbo wa ń fi orúkọ tuntun náà yangàn bí ọmọdé tó wọ bàtà Kérésì, ni ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ̀rẹ́ rán mi lọ sí ẹ̀kọ́ ráńpẹ́ ní Finland. Ẹ má bi mí pé kí ni ará Ìkẹ̀rẹ́ ń wá ní Finland. Àwọn òyìnbó tó gbé ètò náà kalẹ̀ ní obìnrin làwọn fẹ́, èmi nìkan sì ni obìnrin tó wà ní ẹ̀ka wa. Àwọn ọkùnrin ibẹ̀ bínú títí, wọ́n ní òtútù á pa mí. Òtútù ò pa mí o. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn ni mo débẹ̀, nígbà tí oòrùn máa ń jókòó sójú ọ̀run bí àlejò tí kò fẹ́ lọ sílé.

Ohun tó jẹ́ kí n gbà láti lọ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí bàbá wa. Mo ṣì ń wọ yúnífọ́ọ̀mù nígbà tí ìjọba fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí Rọ́ṣíà láti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi. Bàbá wa, àgbẹ̀ kòkó, máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọ Ìkẹ̀rẹ́ tí àpáta yí ká, tí odò ìlú rẹ̀ kò lè gbé ju igbá lọ, ló lọ ń kọ́ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí Rọ́ṣíà fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ̀gbọ́n mi sọdá sí Finland. Ó gbé ìyàwó níbẹ̀, ó bímọ méjì, ìyàwó lọ, ó wá ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ìlú kékeré kan létí òkun. Kò wálé rí látìgbà tó ti lọ. Bàbá á máa ní, "Ọmọ mi ń bọ̀." Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn kò bi í mọ́, òun náà kò sì sọ ọ́ mọ́.

Ẹ̀kọ́ mi ti parí tán, ó ku kí n lọ kí ẹ̀gbọ́n mi kí n tó padà sílé, nígbà tí tẹlifóònù dún ní ilé tí wọ́n fi wá sí. Bàbá kékeré, àbúrò bàbá wa, ló ń pè láti Àkúrẹ́. Bí ará Ìkẹ̀rẹ́ bá wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́ torí àtipe òkè òkun, ọ̀rọ̀ ti kọjá ìkíni. Ó ní Bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn. Mo ní ṣé ó ń jẹun. Ó ní ẹ̀kọ́ mi ńkọ́. Mo ní, "Bàbá kékeré, mo bi yín ni. Ṣé ó ń jẹun?" Mo ń gbọ́ àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń pariwo pé kó ṣe kíá. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe." Bí wọ́n ṣe túfọ̀ bàbá mi fún mi nìyẹn.

N kò tíì rí ẹkún sun tó fi tún sọ̀rọ̀. "Má wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ o. Éè ṣe uhun tí a ń wí fún àkọ́bí lẹ́yìn odi. Ṣáà sọ pé abà fẹ́ rí i. Mú un bọ̀ ní ulé." Abà ni à ń pe bàbá lédè wa, ulé sì ni ilé.

Ẹrù tó dì lé mi lórí kò kéré. Ní ìdílé wa, bí àgbàlagbà bá kú, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ń mú aṣọ wá fún un. Wọ́n á máa tẹ́ aṣọ náà lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gbé e sin, wọ́n á sì máa pe orúkọ ẹni tó mú un wá. Ti àkọ́bí ló máa ń kan ara òkú, funfun sì ni. Ti àwọn yòókù á wá tẹ̀ lé e lókè. Nígbà tí ìyá bàbá wa kú, aṣọ àwọn àbúrò bàbá wa wà ní kíká lórí àga, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n títí bàbá wa fi ti oko Emùré dé pẹ̀lú tirẹ̀. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ń wò. Nítorí náà, bí ẹ̀gbọ́n mi kò bá wálé, inú mọ́ṣúárì ni Bàbá yóò máa wà, àwọn àgbà yóò sì máa fi ọ̀rọ̀ náà ta bọ́ọ̀lù. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní láti fi mú un, torí ọkọ̀ òfurufú mi yóò gbéra lọ́jọ́ kejì.

Ó ti ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ ojú irin. Irun rẹ̀ ti funfun ju bí mo ṣe rò lọ. Mo kúnlẹ̀ kí i láàárín èrò, ni òyìnbó obìnrin kan bá sáré wá fà mí dìde, ó rò pé mo ṣubú ni. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Kú abọ̀, ọmọ abà mi," ó ní. "Ulé ńkọ́? Ṣé gbogbo wọn le?"

"Wọ́n le," ni mo wí.

"Abà ńkọ́?"

"Bàbá le. Wọ́n ń kí yín."

Ó mi orí, ó gba àpò mi. Ó ní òun ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, pé a ò ní kánjú rárá lónìí, a ó kàn máa rìn ni. Èdè Ìkẹ̀rẹ́ tó ń sọ mọ́ kedere, kò ní àbùlà, bí ìgbà tó gbé e pamọ́ sínú àpótí láti ọjọ́ tó ti lọ. Èmi tí mo ń gbé ní Ìkẹ̀rẹ́ ni mo ń ki gẹ̀ẹ́sì bọ tèmi.

Ìlú náà dára, kí n má purọ́. Láyé àwọn ọba Rọ́ṣíà, nígbà tí Finland ṣì wà lábẹ́ wọn, ibẹ̀ ni àwọn olówó Rọ́ṣíà ti máa ń wá wẹ̀ nínú òkun. Wọ́n kọ́ ilé onípákó ńláńlá sí etí omi, wọ́n fi pákó gbẹ́ iṣẹ́ ọnà yí etí òrùlé wọn ká bí etí búláùsì léèsì. Àwọn olówó ti kú, ọba ti lọ, àwọn ilé ṣì dúró, wọ́n kùn wọ́n ní funfun àti àwọ̀ ìyeyè. Ẹ̀gbọ́n mi ń dúró níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ro ẹjọ́ onílé: èyí jẹ́ ti ọ̀gágun kan tí kò mọ omi í wẹ̀, èyí jẹ́ ti opó oníṣòwò tíì tó ń bá gbogbo àdúgbò jà. Ó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ó ń sín opó náà jẹ bó ṣe ń jà, àwọn tó ń kọjá ń wò wá. Lọ́jọ́ mìíràn ni, ǹ bá ti fi ẹ̀rín tú ìdí gèlè mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Bàbá fẹ́ rí yín."

"Abà ti fẹ́ rí mi, ó pẹ́," ó ní. "Wá wo ṣọ́ọ̀ṣì yìí."

Ṣọ́ọ̀ṣì Rọ́ṣíà ni, kékeré, onípákó, òrùlé rẹ̀ rí roboto, ó ṣe ṣóńṣó lókè bí àlùbọ́sà. Ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Ẹ̀gbọ́n mi kò rojọ́ níbẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn náà, ó dúró pẹ́ ju bó ṣe yẹ kí ènìyàn dúró níwájú ilẹ̀kùn tí kò ṣí. Mo ní ṣé ó ti di Kátólíìkì Rọ́ṣíà ni. Ó ní rárá, pé ẹsẹ̀ ló ń dun òun. Kò pẹ́ sí i, ó tún ti ń rẹ́rìn-ín.

Inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Bí ó bá ti rẹ́rìn-ín, mọ́ṣúárì ni mò ń rí. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé ọkùnrin yìí ti di òyìnbó pátápátá, ẹ wo bó ṣe ń fi mí ṣe ìran wò kiri, kò tilẹ̀ bi mí pé kí ló ṣe bàbá rẹ̀ tó fi fẹ́ rí i. Ọmọ tí kò béèrè, ṣé ọmọ nìyẹn? Bí n bá sì rántí pé èmi ni mo mọ̀, tí òun kò mọ̀, àánú rẹ̀ á tún ṣe mí, màá rọra fún un lésì. Bínú, ṣàánú, bínú, bí a ṣe rìn títí dé etí omi nìyẹn.

Àpáta ló wà níbẹ̀, pupa rúsúrúsú, ó tẹ́ lọ sínú òkun. A jókòó. Ó ní, "Bí mo bá wá síbí, mo máa ń ṣe bí ẹni pé òkè Olósùnta ni mo gùn, tí wọ́n wá da omi yí i ká."

"Olósùnta ṣì wà níbi tí ẹ fi í sí. Ẹ wá gùn ún."

"Orúnkún ti ń ké."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ṣeré. Ọ̀la ni mò ń lọ. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ."

Ó ju òkúta kékeré kan sómi. Ó wá ṣàlàyé fún mi, láìwo ojú mi, pé ìwé ìgbélùú òun wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá, pé bí òun bá jáde kí wọ́n tó dá a padà, wọn ò ní jẹ́ kí òun wọlé mọ́. Àwọn ọmọ òun méjèèjì wà lọ́dọ̀ ìyá wọn, òun ń rí wọn ní ọjọ́ Sátidé. "Èyí tó kéré ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń pe orúkọ abà," ó ní. "Bí mo bá lọ, ta ni yóò kọ́ ọ tán?"

Gbólóhùn kan ló kù, ó wà lórí ahọ́n mi. Bí mo bá sọ ọ́, bóyá yóò dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, yóò tẹ̀ lé mi, yóò sì pàdánù àwọn ọmọ rẹ̀. Bí n kò bá sọ ọ́, yóò jókòó, bàbá wa yóò sì máa dúró dè é nínú yìnyín. Ìbínú mi sí Bàbá kékeré kò kéré lọ́jọ́ náà. Òun ló gbé iná lé mi lọ́wọ́, tó tún ní kí n má jẹ́ kí èéfín rú. Mo gbé gbólóhùn náà mì, ó ń dùn mí lọ́fun bí egungun ẹja.

Ẹja náà la sì jẹ lọ́sàn-án, ẹja yíyan, pẹ̀lú búrẹ́dì dúdú tó kan díẹ̀, ní ilé oúnjẹ àwọn ará Rọ́ṣíà kan lẹ́bàá èbúté. Wọ́n fi jáàmù sínú tíì mi, nínú gíláàsì. Mo ní ìwà ìbàjẹ́ nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò fọwọ́ kan oúnjẹ tirẹ̀. Ó gé búrẹ́dì náà wẹ́wẹ́, ó tò ó sí etí àwo.

Bí a ṣe jáde, ó ní ó ku ibì kan. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni, ìyá arúgbó ará Rọ́ṣíà kan ló ni ín, aṣọ ló ń tà. Bí a ti wọlé ni òórùn káfúrà kí wa, òórùn àpótí ìyá mi gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ ra nǹkan fi rán mi sí Bàbá.

Mo ní kò yẹ kó ná owó, Bàbá ní aṣọ.

"Éè kàn ọ́," ó ní, ó rọra sọ ọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá náà sọ èdè Rọ́ṣíà. Ìyá náà gbé aṣọ ọ̀gbọ̀ sílẹ̀ fún un, ọ̀gbọ̀ tí à ń kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì, aláwọ̀ ilẹ̀, olójú wínńdò, èyí tí wọ́n fi òwú pupa ṣe iṣẹ́ sí létí. Ó tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Funfun ló mú, funfun báláú, tí kò ní iṣẹ́ kankan lára.

Mo sọ ọ́ lọ́kàn pé àbí Bàbá fúnra rẹ̀ ló ń darí ọwọ́ ọmọ yìí. Ẹ̀rù bà mí débi tí mo fi sọ aṣọ náà di ìjà. "Bàbá kì í lo funfun! Ẹ ti gbàgbé? Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò ní jẹ́ kó ṣe oṣù kan. Aláwọ̀ ilẹ̀ yìí ni kí ẹ mú."

"Funfun ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

"Ìbora." Ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè lórí ara rẹ̀, ó fi han ìyá náà bí aṣọ náà ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó, ó tún gbé ọwọ́ náà ga sí i. "Abà ga jù mí lọ," ó sọ fún mi, bí ẹni ń ṣàlàyé.

Ìyá náà béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá a lóhùn ní gbólóhùn kúkúrú kan. Ni ìyá náà bá dá ọwọ́ dúró lórí aṣọ. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó wò mí, ó wá na ọwọ́ rẹ̀ tó ti hun jọ kọjá lórí káńtà, ó di ọwọ́ mi mú. Kò tètè fi í sílẹ̀. Mo rò pé kò tíì rí aláwọ̀ dúdú obìnrin nítòsí rí ni, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ọwọ́ mi gbà. Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í ra èèpo ọ̀sàn láìnájà kó tó lọ, kò ná aṣọ náà rárá. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á.

A padà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Oòrùn ṣì wà lókè bí ẹni pé ọ̀sán ni. Ọkọ̀ mi ti dé, àwọn èrò ti ń wọlé, ọjọ́ ti lọ lọ́wọ́ mi, n kò rí nǹkan kan ṣe. Mo pinnu pé n ó sọ ọ́, kí Bàbá kékeré fi mí gún iyán. Mo yíjú sí i, mo la ẹnu.

Ó gbé aṣọ náà lé mi lọ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Wí fún wọn ní ulé," ó ní, "pé tèmi ni kó kan ara abà."

Ariwo ọkọ̀ náà lọ jìnnà sí mi. Mo ní, "Ẹ ti mọ̀?"

"Ìyá pè mí. Ó ní òun kàn fẹ́ kí mi, àmọ́ ó sunkún." Ó nu imú rẹ̀ bí ọmọdé. "Ó ní kí n má jẹ́ kó hàn sí ọ rárá. Ó ní ọkàn rẹ kò lè gbé e, kí n ṣáà dá ọ lára yá, kí o fẹ̀rín dé ulé."

"Bàbá kékeré pe èmi náà."

Láti àárọ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan ń fi irọ́ bo òkú kan náà mọ́lẹ̀ fún ẹnì kejì. Àwọn ẹ̀rín rẹ̀ tó bí mi nínú, èmi ni wọ́n ní kó rín in fún. Mo fẹ́ tọrọ àforíjì, mo fẹ́ bú u, mo fẹ́ bú gbogbo àwọn àgbà tó wà ní Ìkẹ̀rẹ́. Ẹkún ló jáde.

"Ìyá arúgbó yẹn nìkan ni mo rí wí i fún," ó ní. "Ó bi mí pé ṣé fún ìgbéyàwó ni."

Mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀, pé a ó rí ọgbọ́n ta sí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Ó tú ìka mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò bínú. Ó ní ká ní abà wà láyè ni, abà gan-an á ní kí òun dúró ti ọmọ. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n fọn fèrè, ó tì mí sínú ọkọ̀, ó sì dúró síbẹ̀ láìju ọwọ́ sí mi títí n kò fi rí i mọ́.

Ní Ìkẹ̀rẹ́, gẹ́gẹ́ bí mo ti rò, àwọn àgbà ní àwọn ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Bàbá kékeré ní a kì í tẹ́ aṣọ ẹni tí kò wá, pé kí ẹ̀gbọ́n mi kejì, èyí tó tẹ̀ lé àkọ́bí, mú tirẹ̀ ṣíwájú. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n tẹ́ Bàbá sí, mo ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá kó kọ́kọ́ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ìwé tí mo kà ló ń gùn mí. Mo ní òun náà ni.

Ìyá mi ló parí ìjà náà. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó gba aṣọ náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sí imú, káfúrà náà ṣì wà lára rẹ̀. Ó wọlé, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ lé ọkọ rẹ̀ lára, ó sì wo Bàbá kékeré títí tó fi pe orúkọ ẹ̀gbọ́n mi.

Aṣọ náà gùn jù. Àìsàn àti ọjọ́ orí ti sọ Bàbá di kékeré, ìyókù aṣọ kóra jọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀. Ẹnì kan ní kí wọ́n mú sísọ́ọ̀sì wá.

"Ẹ má gé e," ni ìyá mi wí. "Bí abà ẹ̀ ti ga tó nìyẹn, ọjọ́ tí ọmọ náà kúrò ní ulé."

Wọ́n ká ìyókù, wọ́n fi sábẹ́ orí rẹ̀.